Kí ló dé tí Hotel California ò sí nínú àwo Eagles tí bàbá ìyàwó mi ní?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Òbántókò níbí ni mò ń gbé. Bàbá ìyàwó mi máa pé ọmọ 70 ọdún lóṣù tó ń bọ̀, nínú gbogbo olórin òyìnbó, Eagles ni wọ́n fẹ́ràn jù. Àwo Their Greatest Hits 1971–1975 tí wọ́n ní ti ń fò tí wọ́n bá gbé e sórí ṣénjà, ni mo bá ní kí n ra òmíràn fún wọn. Àríyànjiyàn wá bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ní òun ò lè dáwó ra àwo Eagles tí Hotel California ò sí nínú ẹ̀, ó tún ní ẹni tó mọ orin kì í ra àkójọ, àwo tí olórin fúnra ẹ̀ jókòó ṣe ni wọ́n ń rà. Bàbá ní irọ́ ni, pé òun rántí dáadáa pé Hotel California wà nínú tòun nígbà kan, àti pé kò sí àwo tó dáa tó o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa dá sí i, ta ló jàre, kí sì ni kí n rà?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o ṣeun tó o bi mí. Bá mi kí bàbá gan-an, ẹni tó bá ti ń gbọ́ Eagles látìgbà yẹn títí di 70 ọdún, ẹni iyì ni lójú mi. Mo máa dá sí i, ṣùgbọ́n mi ò ní gbé e fún ẹnì kan ṣoṣo, torí àwọn méjèèjì ló ní òótọ́ lẹ́nu.

Ká kọ́kọ́ yanjú ti Hotel California. Àwo Their Greatest Hits yẹn, ọjọ́ 17 oṣù kejì ọdún 1976 ló jáde l'Amẹ́ríkà. Bàbá á rántí oṣù yẹn: ọjọ́ 3 ni wọ́n kéde Ìpínlẹ̀ Ògùn tí Abẹ́òkúta fi di olú ìlú, ọjọ́ 13 ni wọ́n pa Murtala Muhammed l'Ékòó. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí Murtala kú tí àwo yìí bọ́ sọ́jà lọ́hùn-ún. Hotel California ní tiẹ̀, oṣù kẹta ọdún yẹn ni wọ́n tó wọ sitúdíò lọ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, oṣù kejìlá ló tó jáde. Joe Walsh tóun àti Don Felder jọ fi gìtá parí orin yẹn, ìparí 1975 ló tó wọ ẹgbẹ́, ìgbà tí Bernie Leadon ń lọ, kò sí ọwọ́ ẹ̀ níbì kankan nínú àwo bàbá. Ọmọ tí wọn ò tíì bí, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ ní ìléèwé? Ó sì wà lára páálí gbàgàdà, 1971–1975, wọ́n ti sọ ọdún tí wọ́n ń bá wa dé, kò sẹ́ni tí wọ́n rẹ́ jẹ.

Ṣùgbọ́n bàbá ò purọ́ o. Mo gbà pé wọ́n gbọ́ Hotel California lórí ẹ̀, mo sì rò pé mo mọ bó ṣe jẹ́. Bi wọ́n bóyá kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n kọ́kọ́ ní kí wọ́n tó ra àwo. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, mo kọ́ṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń dọ́ọ̀bù kásẹ́ẹ̀tì lápá Kútọ̀. Kọ́sítọ́mà á mú kásẹ́ẹ̀tì òfìfo wá, á mú orin tó fẹ́ lórí bébà tí wọ́n kọ orúkọ àwo sí, à á dọ́ọ̀bù ẹ̀ fún un, á wá gbà á lọ́jọ́ kejì. C60 ló wọ́pọ̀ jù, ìṣẹ́jú 30 lójú kan, 30 lójú kejì. Àwo Eagles yìí wá rèé, gbogbo ẹ̀ pátá ìṣẹ́jú 43 ni, ojú kan ò tiẹ̀ pé 22. Tó o bá dà á sórí C60, ó máa ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ lójú kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá mi ò sì gbà kí teèpù ṣófo láéláé, ó ní kọ́sítọ́mà tó bá jókòó gbọ́ ṣààà fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ á sọ pé a jẹ òun lówó. Hotel California ńkọ́? Ìṣẹ́jú 6 àtààbọ̀. Ó wọ ibẹ̀ rẹ́gí! Desperado, orin tó kádìí ojú kìíní, á parí, wàá gbọ́ pọ́ níbi tí mo ti gbé abẹ́rẹ́ kúrò lórí àwo kan bọ́ sórí òmíràn, gìtá Hotel California á wá wọlé. Àìmọye kásẹ́ẹ̀tì ni mo fọwọ́ ara mi ṣe bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe ṣọ́ọ̀bù tiwa nìkan. Nígbà tí èmi náà kọ́kọ́ di páálí àwo yẹn mú, tí mo ka orúkọ orin mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lẹ́yìn ẹ̀, mo wá Hotel California títí, mo rò pé wọ́n ti gbé àwo burúkú fún wa ni. Torí náà àwo tí bàbá ń rántí yẹn, àwa ọmọ oníṣọ́ọ̀bù la bá Eagles parí ẹ̀.

Ó ku ti ẹ̀gbọ́n ìyàwó ẹ tó ní ẹni tó mọ orin kì í ra àkójọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ládùn nìyí, torí kì í ṣe òun nìkan ló wí bẹ́ẹ̀. Don Henley tó ń kọrin tó tún ń lùlù fún wọn ò fẹ́ràn àwo yẹn. Ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù wọn ló kó o jọ gbé jáde, ohun tó sì dun Henley ni pé wọ́n yọ Desperado àti Tequila Sunrise kúrò láàárín àwọn orin tí wọ́n jọ wá. Mo gbà fún un níbẹ̀, ó sì yẹ kí n sọ ìdí ẹ̀ torí ọ̀pọ̀ èèyàn ò gbọ́ àwo Desperado ti 1973 rí láyé wọn. Ìtàn ni gbogbo àwo yẹn. Ìtàn àwọn ọlọ́ṣà ayé àtijọ́ lápá ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, àwọn ẹgbẹ́ Dalton àti Bill Doolin, àwọn tó ń fìbọn ja báǹkì àti rélùwéè lólè. Lórí páálí ẹ̀, àwọn Eagles múra bí ọlọ́ṣà, wọ́n gbé ìbọn dání. Doolin-Dalton ni wọ́n fi ṣí i, Desperado ló kádìí ojú kìíní, tó bá wá di ìparí ojú kejì wọ́n á tún padà sórí Doolin-Dalton àti Desperado lẹ́ẹ̀kan sí i, bí olórin wa ṣe máa ń padà sórí ègbè tó fi bẹ̀rẹ̀ kó tó sọ gbohùngbohùn kalẹ̀. Ẹni tó gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ẹni tí wọ́n ń bẹ̀ nínú orin Desperado, ẹni tó ti fi gbogbo ayé ẹ̀ sá kiri ni, ibọn ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀. Nínú àwo bàbá, kò sí Doolin, kò sí Dalton, ọkùnrin kan tí ìfẹ́ ń bà lẹ́rù ṣáá ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Orin náà ṣì dùn, ṣùgbọ́n ilé bàbá ẹ̀ ti sọnù.

Àwa Yorùbá ló yẹ kí èyí tètè yé jù láyé. Gbé àwo Ebenezer Obey tàbí Sunny Adé ti àwọn ọdún 1970 sórí ṣénjà, orin kan ń wọ inú èkejì lọ, ìlù ò dúró, ó lè gbà ọ́ ní gbogbo ojú kan kó o tó mí. Ibi yòówù tó o bá fi sísọ́ọ̀sì gé e, ẹ̀jẹ̀ á jáde. Nígbà tí Sunny Adé fẹ́ gbé Juju Music jáde fún ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Island ní 1982, ṣe ló tún orin kọ, tó wá gé wọn sí orin méje kí òyìnbó lè mọ ibi tí ọ̀kan ti parí. Fela tí wọ́n bí ní ìlú wa níbí, orin kan ṣoṣo lè gba ojú kan gbáko. Àyìnlá Ọmọwúrà ọmọ Ìtòkò ńkọ́? Mo ti rí sídì tí àwọn kan kó ègbè Àyìnlá jọ sí, èyí tí gbogbo èèyàn máa ń jó sí níbi ayẹyẹ, wọ́n ti gé gbogbo ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ dànù. Wàá jó o, ṣùgbọ́n o ò ní mọ ẹni tó ń bá wí, o ò ní mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígboro lọ́dún yẹn tó fi gbé ohùn sókè. Ó dùn mí dé ọkàn. Torí náà tí ẹ̀gbọ́n ìyàwó ẹ bá ń sọ ti àkójọ Àyìnlá, mo wà lẹ́yìn ẹ̀ gbágbáágbá.

Àmọ́ Eagles ọdún mẹ́rin yẹn kì í ṣe Àyìnlá, ibẹ̀ ni ọ̀nà èmi àti ẹ̀ ti yà. Yọ Desperado sọ́tọ̀, àwọn àwo mẹ́ta tó kù kì í ṣe ìtàn, orin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí wọ́n tò sójú kan náà ni. Wọ́n mú orin mẹ́ta nínú Eagles ti 1972, méjì nínú Desperado, méjì nínú On the Border ti 1974, mẹ́ta nínú One of These Nights ti 1975. Orin mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ò pàdánù nǹkan kan pé wọ́n kó wọn kúrò nílé. Àní àwọn kan tiẹ̀ rí ọ̀rẹ́ tó dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ṣe ohun tí mo máa sọ yìí lálẹ́ tí ariwo jẹnẹrétọ̀ bá ti rọlẹ̀. Gbé ojú kejì sí i. One of These Nights ló máa bẹ̀rẹ̀, bẹ́ésì á kọ́kọ́ máa rìn bọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń bọ̀ lókùnkùn tí o ò tíì mọ̀ bóyá ọ̀rẹ́ ni, Henley á wá fi ohùn òkè gbé e, orin 1975 nìyẹn. Kó o tó mí, Tequila Sunrise ti 1973 ti dé, gìtá onígi, Glenn Frey ń kọrin bí ẹni tí ò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn. Lẹ́yìn ìyẹn Take It to the Limit, ìlù ẹ̀ ń lọ ní mẹ́ta-mẹ́ta, Randy Meisner ló kọ ọ́, òun nìkan ni ohùn kẹta nínú gbogbo àwo yẹn torí Frey ló kọ márùn-ún, Henley kọ mẹ́rin. Tó bá dé ìparí tí àwọn tó kù ń gbè é lẹ́sẹ̀, Meisner á wá gun òkè, á gun òkè, ohùn ẹ̀ á wá tín-ín-rín bí òwú, kò sì já. Mo ti gbọ́ ọ ní ogójì ọdún ó lé, mo ṣì máa ń dá iṣẹ́ ọwọ́ mi dúró níbẹ̀. Ẹ ò lè fi orin míì tẹ̀ lé ìyẹn àfi èyí tó máa fà yín sọ̀kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ohun tí wọ́n sì ṣe nìyẹn, wọ́n fi Peaceful Easy Feeling ti 1972 sí i, wọ́n wá fi Best of My Love tí 1974 pa iná. 1975, 1973, 1975, 1972, 1974! Wọ́n fò síwá fò sẹ́yìn, etí rẹ ò sì ní mọ̀ ọ́n. Ẹni tó to orin yẹn ní etí, àní ó tún fi Desperado sí i tó jẹ́ pé wọn ò gbé e jáde ní síńgù, ìyẹn àwo kékeré orin kan, rí, ó fi Outlaw Man tó jáde ní síńgù sílẹ̀. Tó bá jẹ́ pé owó nìkan ló ń wò, kò ní ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tó mú kó papọ̀ báyìí ni pé ẹgbẹ́ kan náà ni, kí wọ́n tó yí padà. Glyn Johns ló bá wọn gba mẹ́fà nínú orin mẹ́wàá yẹn sílẹ̀, ní London. Orin tí gbogbo ayé ń gbọ́ tí wọ́n ń rí aṣálẹ̀ California, inú òjò London ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀! Johns fẹ́ kí wọ́n dúró lórí gìtá onígi àti ohùn tí wọ́n ń pa pọ̀, àwọn fẹ́ kí gìtá oníná máa han-gooro, ni wọ́n bá fi í sílẹ̀ láàárín On the Border lọ bá Bill Szymczyk, òun ló ṣe mẹ́rin tó kù. Bernie Leadon ni wọn ò ṣe ẹ̀tọ́ fún jù lọ, torí kò kọ orin kankan lórí àwo yìí gẹ́gẹ́ bí olórí, bẹ́ẹ̀ òun ni ẹ̀mí kọ́ńtírì inú ẹgbẹ́ náà. Ẹ fetí sí abẹ́ Take It Easy, bánjò kan wà níbẹ̀ tó ń sáré bí òjò lórí páànù, ọwọ́ Leadon nìyẹn. Ẹni tó bá mọ bí àwọn bàbá wa ṣe fẹ́ràn Jim Reeves àti Don Williams á mọ̀ pé bánjò yẹn àti ohùn pípa pọ̀ ni bàbá ìyàwó ẹ ń wá, kì í ṣe gìtá Joe Walsh.

Torí náà tí wọ́n bá bi mí: gẹ́gẹ́ bí ìtàn gbogbo ayé Eagles, àwo yìí ò pé, kò sì sọ pé òun pé. Gẹ́gẹ́ bí àwo tí èèyàn máa gbé sórí ṣénjà gbọ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, mo fẹ́ ẹ ju Eagles, ju On the Border, ju One of These Nights lọ. Desperado nìkan ni mi ò ní fi í pààrọ̀. Bàbá jàre lórí mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n ìyàwó ẹ jàre lórí ọ̀kan.

Tí ẹnikẹ́ni bá fi iye tó tà jiyàn, ẹ ṣọ́ra. Òun ni àwo àkọ́kọ́ tí wọ́n fún ní platinum l'Amẹ́ríkà, torí ọdún 1976 yẹn náà ni wọ́n dá àmì yẹn sílẹ̀ fún àwo tó bá ta mílíọ̀nù kan. Ní 2018 wọ́n kà á dé mílíọ̀nù 38, ó sì ré Thriller ti Michael Jackson kọjá. Amẹ́ríkà nìkan nìyẹn o, kì í ṣe gbogbo ayé, wọ́n sì ti ń ka gbígbọ́ lórí fóònù mọ́ ọn, 1,500 gbígbọ́ ni wọ́n ń kà sí àwo kan. Títà ò sọ pé ó dára ju Desperado. Ó sọ pé ọ̀pọ̀ ilé ló gbé e wọlé, àwa náà sì mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀, torí ta ló máa rí gbogbo àwo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rà l'Abẹ́òkúta nígbà yẹn? Ẹnu ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ wa gbà wọlé nìyẹn.

Ohun tí wàá rà wá kù. Àwo yẹn gan-an ni kó o rà fún bàbá, má rà á ní sídì, má sì ra Volume 2 ti 1982 nítorí pé Hotel California wà nínú ẹ̀, torí bánjò tí wọ́n fẹ́ ò sí níbẹ̀. Tí ẹ̀gbọ́n ìyàwó ẹ bá fẹ́ dáwó, kó ra Desperado tàbí àwo Hotel California fúnra ẹ̀, kó gbé e wá sí ayẹyẹ náà, kí wọ́n gbé méjèèjì tẹ̀ lé ara wọn, ìyẹn ló máa parí ìjà. Tó o bá rí àlòkù, yọ àwo yẹn síta lójú ẹni tó ń tà á, torí àìmọye ìgbà ni mo ti rí páálí Eagles tó jẹ́ Jim Reeves ló wà nínú ẹ̀. Gbé e sókè dé ojú, wò ó láti ẹ̀gbẹ́ bóyá oòrùn ti jẹ́ kó wó. Irun tín-ín-rín lára ẹ̀ ò burú, èyí tí èékánná ẹ bá kọ́ ló máa fò. Fọwọ́ pa agbárí ẹyẹ iwájú páálí, tèmi yọ sókè lábẹ́ ìka, kó o tún wo ẹ̀gbẹ́ bóyá ikán ti débẹ̀.

Ṣùgbọ́n kó o tó ná kọ́bọ̀, lọ wo abẹ́rẹ́ ṣénjà bàbá. Gbé àwo míì tó dáa sí i, tí ìyẹn náà bá ń fò, abẹ́rẹ́ ló ti kú, kì í ṣe Eagles, tó o bá sì gbé àwo tuntun fún abẹ́rẹ́ tó ti kú, á jẹ ẹ́ láàárín oṣù díẹ̀. Pààrọ̀ abẹ́rẹ́, kó o fi omi àti ọṣẹ díẹ̀ nu àwo àtijọ́ yẹn, má jẹ́ kí omi kan bébà àárín, jẹ́ kó gbẹ nínú ilé kó o tó gbé e padà. Ó lè jẹ́ pé kò ha tó bí ẹ ṣe rò.

Kó o tún béèrè páálí tí bàbá kó kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sí, ó sábà máa ń wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Tẹ́ ẹ bá rí C60 kan tí wọ́n fi bírò kọ Eagles sí lára, ẹ wá rédíò tó ṣì ń gba kásẹ́ẹ̀tì, ẹ yí i dé ìparí ojú kìíní, ẹ jẹ́ kí Desperado parí, kẹ́ ẹ wá fetí sílẹ̀ bóyá pọ́ yẹn wà níbẹ̀.